TV 55 tuntun yìí ló ń jẹ iná mi ni àbí nǹkan mìíràn ni? Àwòrán ẹ̀ náà ò sì rí bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nínú ilé mi. Ní January ni mo ra TV 55 inches, 4K, LED, tuntun nínú páálí, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. 32 tí a ti ń lò bọ̀ láti 2016, mo ti gbé e fún ìyá ìyàwó mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ẹ ò rí àwòrán! Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, ẹyẹ ń fò, gbogbo ẹ̀ ń dán yinrin, ojú mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́, mo bá sanwó. Ìgbà tó délé tí mo so dikódà mọ́ ọn, ó dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ojú oníròyìn ń ṣe bàìbàì bíi pé mò ń wò ó láti inú gíláàsì mọ́tò nígbà ọyẹ́, koríko pápá bọ́ọ̀lù tutù ju koríko lọ, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ́n bíi pé wọ́n fi epo pa á, tó bá wá di alẹ́ tí fíìmù bá gbé wa dé ibi òkùnkùn, ibi tó yẹ kó dúdú a máa rí bí eérú.

Ìyẹn ṣì kéré o. Ọ̀rọ̀ iná gan-an ló gbé mi wá. Band A ni wá, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, tí owó iná wọn sì wọ́n jù. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ra iná ₦20,000, bíi yúníìtì 88 ló ń bọ́ sí, a sì máa ń lò ó tó ọjọ́ 22. Báyìí, ọjọ́ 15 péré, mítà ti ń pariwo. Ìyàwó mi ní TV ni, ó ní àtọjọ́ tí "pátákó" yẹn ti wọlé ni owó iná ti ń sá mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi ní kò lè jẹ́ TV, pé TV òde òní kì í jẹ iná, ẹni tó tà á fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀ (mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín). Mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, 150W ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé iye yẹn ló ń jẹ ní gbogbo ìgbà ni? Mo sì ti gbìyànjú kí n dín iná ojú ẹ̀ kù nínú sétíńgì o, tó bá ti tó ìṣẹ́jú mélòó kan á tún padà sí bó ṣe wà, àwọn lẹ́tà kan, "4K HDR" àti irú ẹ̀, a tún máa yọ ní igun ìsàlẹ̀ fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ rìmóòtù. Mi ò mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Bọ̀dá, Band A ló ń jẹ yín, ẹ fi TV sílẹ̀ 😂 Ṣé ẹ ti gbàgbé April 2024 tí yúníìtì fò láti bíi ₦68 lọ bá ₦225 lẹ́ẹ̀kan náà ni? Wọ́n dín in kù lẹ́yìn ìyẹn lóòótọ́, ní July 2024 ó jẹ́ ₦209.50, ẹ wá ro VAT mọ́ ọn, ẹ ti padà dé ₦225 yín. Nílé tèmi báyìí ẹni tó bá tan gílóòbù lọ́sàn-án, àfi kó ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ìyá Bọ́lá Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ máa gbọ́ràn sí ìyàwó yín lẹ́nu. TV ń jẹ iná. Ní bíi 2011 bàbá Bọ́lá gbé TV plasma (irú TV pẹlẹbẹ àtijọ́) tòkunbọ̀ 42 wálé, wọ́n ní owó pọ́ọ́kú ni. Ooru! Tí ẹ bá jókòó sí tòsí ẹ̀ ẹ máa làágùn, ológbò wa sì ti sọ ẹ̀yìn ẹ̀ di ibùsùn nígbà ọyẹ́. A ní jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn nígbà náà, I-better-pass-my-neighbour, tí a bá ti tan plasma mọ́ fáànù méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, gílóòbù gbogbo ilé á rọ̀ wálẹ̀, àdúgbò á mọ̀ pé àwọn bàbá Bọ́lá ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, títí dòní mi ò tíì rí TV tí dúdú ẹ̀ dúdú tó tiẹ̀. Dúdú bí kóró iṣin. LED tí a ń lò báyìí kò jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta iná tíyẹn ń jẹ, síbẹ̀ àwòrán tíyẹn ṣì ń wù mí. Ó bàjẹ́ ní 2015, kò sẹ́ni tó rí pátákó inú ẹ̀ rà mọ́.

Rípíà Àlàbà:

Ìyá Bọ́lá ò parọ́, plasma ń jẹ tó 200W sí 300W, àwọn ńlá inú wọn ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pixel (tóótó wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán) kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ ló ń tan iná tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí dúdú ẹ̀ fi dúdú. Ẹ ò lè rí pátákó ẹ̀ torí pé Panasonic ti ṣíwọ́ ṣíṣe é ní ìparí 2013, nígbà tí 2014 fi máa parí Samsung àti LG náà ti pa á tì.

Ó yá, Bàbá Ìbejì. TV yín ò ní àrùn kankan. Store Mode ló wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan TV tuntun, ó máa ń béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó, Home àbí Store, ẹni tó bá yín tẹ́sìtì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ti tẹ Store, ó sì gbé e fún yín bẹ́ẹ̀. Store Mode wà fún kí TV lè bá ogún TV mìíràn tó wà lára ògiri jà lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ rokoṣo, ó máa gbé iná ẹ̀ dé òkè pátápátá, á bu àwọ̀ sí i, tí ẹ bá sì dín in kù á dá a padà, torí kí ọmọdé tó ń fi rìmóòtù ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù má bà á jẹ́ fún wọn. Lẹ́tà tó ń yọ ní igun yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Usage Mode tàbí Store Mode (ó yàtọ̀ láti TV sí TV), ẹ sọ ọ́ di Home. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ reset ẹ̀, tó bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì ẹ tẹ Home.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ àwòrán àti ọ̀rọ̀ iná fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú TV yín. TV tí wọ́n ń pè ní LED yẹn, LCD ni. Ojú tí ẹ ń wò kì í tan iná kankan fúnra ẹ̀, bíi kọ́tìnnì ló rí, pixel kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń pa dé, kí ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn lè gba ibẹ̀ kọjá. Iná gidi wà lẹ́yìn ẹ̀, gílóòbù LED wínníwínní tí wọ́n tò sára igi tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn là ń pè ní backlight. Òun ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná, pátákó inú ẹ̀ àti sípíkà kò jẹ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Lórí irú tiyín, fíìmù òkùnkùn lẹ ń wò o, bọ́ọ̀lù ọ̀sán gangan lẹ ń wò o, tí backlight bá ti wà ní 100, iye kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ. Òun náà ló fà á tí dúdú fi ń rí bí eérú, iná ń tàn lẹ́yìn ibẹ̀, kọ́tìnnì ò sì lè dí i tán. Tí ẹ bá wá gbé iná yẹn wálẹ̀, eérú yẹn á dúdú sí i, iná tí ẹ ń san á dín kù. Ìdínkù kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Tí ẹ bá ti wà ní Home, ẹ kúrò lórí Vivid tàbí Dynamic, ẹ lọ sórí Movie tàbí Cinema. Ó máa kọ́kọ́ jọ yín lójú pé ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú yín á mọ́ ọn lára, ẹ máa rí i pé àwọ̀ ènìyàn ti padà di àwọ̀ ènìyàn. Ẹ gbé Backlight sí 50, ẹ gbé Sharpness wálẹ̀ gidigidi, ìyẹn ló ń fa ìlà funfun tó máa ń yí orí àwọn èèyàn ká. Ẹ ṣọ́ra o, lórí ọ̀pọ̀ TV, Brightness kọ́ ni backlight, Brightness ń ba dúdú jẹ́ ni, kò dín iná kankan kù, ṣùgbọ́n lórí àwọn tuntun kan Brightness gan-an ni wọ́n fi ń pe backlight. Ẹ gbé e wálẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: tí gbogbo ojú TV bá rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n dín iná àtùpà kù, òun nìyẹn. Tí irun orí àti aṣọ dúdú bá kàn dàpọ̀ di pápá kan, òun kọ́ nìyẹn.

Bàìbàì tí ẹ ń rí, mo fi orí mi búra pé wáyà pupa-yẹ́lò-funfun lẹ fi so dikódà. Wáyà yẹn ò lè gbé HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere. Àwòrán tó ń gbà kọjá ibẹ̀ jẹ́ pixel 720 ní ìbú, 576 ní òró. TV yín, torí 4K ni, jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. Ẹ fi kakuléítọ̀ ṣe é, ìlọ́po 20 géérégé. Tóótó kan tí dikódà bá fi ránṣẹ́, TV á fà á tẹ́ títí á fi bo ààyè ogún. Irú aṣọ tí ẹ rà fún ọmọ ọdún kan tí ẹ wá fi wọ géńdé ọkùnrin, ó máa ya ni. Lórí 32 yín àtijọ́ kò hàn torí ojú ẹ̀ kékeré. Ẹ ra wáyà HDMI, kì í wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta oníwúrà fún yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìkànnì tó bá jẹ́ SD (àwòrán tí kò mọ́ tó HD) láti ilé iṣẹ́ ẹ̀, HDMI ò lè sọ ọ́ di 4K, ó kàn máa dáa díẹ̀ ni. 4K gidi, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rí i, ìyẹn sì ń jẹ dátà tó 7GB ní wákàtí kan.

Ó ku 150W. Òdiwọ̀n tó ga jù nìyẹn, tí ohun gbogbo bá wà lókè pátápátá. Iye tó ń jẹ gan-an, mítà yín máa sọ fún yín láìra nǹkan kan. Iná pupa bíńtín kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀. Ìyẹn ni pé tó bá ṣẹ́jú 1000, yúníìtì kan ti lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé láti ara ògiri, kó ku TV nìkan, ẹ wá fi fóònù ka iye sẹ́kọ́ǹdì tó wà láàárín ìgbà tí iná yẹn ṣẹ́ sí ìgbà tó tún ṣẹ́, ẹ fi pín 3600, ìdáhùn yẹn ni wọ́ọ̀tì tó ń jẹ. (Tó bá jẹ́ 1600 ni wọ́n kọ sára tiyín, 2250 lẹ máa pín.) Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ padà wá jíṣẹ́ fún wa.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà:

Rípíà, ẹ ò ní rí ibi. Pupa-yẹ́lò-funfun ni lóòótọ́ 🙈

Mo ṣe é láàárọ̀ Sátidé yìí. Mo fi Táyé sídìí mítà ní bàràńdà, Kẹ́yìndé wà nídìí TV, èmi mú fóònù dání. Mo pa fíríìjì, mo pa fírísà, mo yọ dikódà, mo yọ gbogbo ṣájà. Táyé ń pariwo "ó ṣẹ́! ó ṣẹ́! ó ṣẹ́!" bí ẹni tó ń ka ewì, kò fún mi láyè kí n mí. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, mẹ́ta. Mo pín in, 3600 lọ́nà 3, ó jẹ́ 1200. TV kí ló máa jẹ 1200W! Ìyàwó mi ti dìde dúró, ó ti kó ọwọ́ lé ìbàdí, mo mọ̀ pé mo gbé. Mo ní kí Kẹ́yìndé pa TV. Ó pa á. Táyé ṣì ń pariwo.

Ẹ̀yin ará, wọ́tà hítà ni. Èyí tó wà ní bálùwẹ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n tàn án nígbà ọyẹ́ kí wọ́n lè fi omi gbígbóná wẹ̀ lọ síléèwé, iná kékeré tó wà lára súwíìsì ẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà ní títàn. December ni. January ni mo ra TV. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Kì í ṣiṣẹ́ láìdúró ṣá, tí omi bá ti gbóná tán á dá dúró, tó bá tutù díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, òru, ọ̀sán, láti December.

Mo pa á. Mítà dákẹ́. Táyé ní "Dádì, ó ti sùn." A wá tan TV nìkan, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, sẹ́kọ́ǹdì 31. Ìyẹn jẹ́ 116W. Mo sọ ọ́ di Home, mo gbé e sórí Movie, Backlight 50, a tún kà á: sẹ́kọ́ǹdì 52. 69W! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú. Lẹ́tà tó ń yọ ní igun náà ò yọ mọ́.

Mo wá jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀. Yúníìtì 4 là ń lò lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di bíi 5.9. 32 àtijọ́ ń jẹ bíi 45W, wákàtí 8 là ń tan tiẹ̀ lójúmọ́, kò tó ìdajì yúníìtì. Tuntun yìí, torí pé ó tóbi tó sì dùn ún wò, àwa la sọ ọ́ di wákàtí 12, 116W lọ́nà 12, ó jẹ́ bíi 1.4. Ìyẹn ni pé TV fi bíi yúníìtì kan lé e lóòótọ́, wọ́tà hítà ló fi ìyókù lé e. Nítorí náà èmi jàre ìdajì, ìyàwó mi jàre ìdajì. Òun ò gbà pé ìdajì ni o.

Àdùkẹ́ London:

😂😂 Táyé pa mí. Ẹ kú orí ire ẹ̀gbọ́n.

Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sí pé à ń ka iná pupa, wọ́n máa ń lẹ ìwé kan mọ́ iwájú TV ní ṣọ́ọ̀bù, láti March 2021 ni wọ́n ti yí i padà, lẹ́tà A dé G ló wà lára ẹ̀, A ló dáa jù. Mo lọ ra tèmi, mò ń wá A, mo yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ká, F àti G ló kún ibẹ̀, mo rò pé ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń tà. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní rárá, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí A ṣòro débẹ̀ ni kí àwọn tó ń ṣe é lè máa lépa ẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ jàre, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, wọ́n á kọ kWh fún wákàtí 1000. Iye yẹn náà ni wọ́ọ̀tì ẹ̀! 80 kWh fún wákàtí 1000, 80W nìyẹn. Méjì ni wọ́n sì máa ń kọ, ọ̀kan fún àwòrán lásán, ọ̀kan fún HDR (àwòrán tí ibi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ ju ti lásán lọ), ti HDR ló sábà máa ń pọ̀ jù torí tí fíìmù HDR bá ti wọlé, TV á gbé iná sókè fúnra ẹ̀ kí oòrùn inú fíìmù lè dà bí oòrùn. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ń wo fíìmù HDR lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún ìyẹn kà lọ́tọ̀, ó ṣeé ṣe kí 50 tí ẹ gbé backlight sí má ràn án.

OLED ni mo padà rà. Ìyá Bọ́lá, ẹ wá wo dúdú! Bíi ti plasma yín ló rí, pixel kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara ẹ̀, ibi tó bá dúdú ti kú pátápátá, kò jẹ iná kankan níbẹ̀. Fíìmù alẹ́ kì í jẹ nǹkan, tí mo bá wá ń wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín tí gbogbo ojú ẹ̀ funfun, ó máa jẹ gan-an. Àwọn LG ló kọ́kọ́ gbé OLED 55 wọ ọjà, 2013, owó ẹ̀ nígbà yẹn ra mọ́tò. Mo rò pé gbogbo wa la máa dé ibẹ̀.

Rípíà Àlàbà:

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ "gbogbo wa la máa dé ibẹ̀" yẹn, mi ò bá yín dé ibẹ̀. OLED dáa lójú ju gbogbo ẹ̀ lọ, mi ò ní jiyàn. Níbí o, ìkànnì kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn láàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ wọn lókè lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ìròyìn tó ń sá lọ nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àmì yẹn lè tẹ̀ mọ́ ojú OLED, ẹ máa wo fíìmù ẹ máa rí òjìji ẹ̀ níbẹ̀. Ojú ẹ̀ tó bá sì ti lọ, ó ti lọ, owó tí wọ́n máa fi ra ojú mìíràn sún mọ́ ti TV tuntun. LED ni mo lè tún ṣe fún èèyàn. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan mo ti ṣí mẹ́ta, àrùn kan náà: ohùn ń jáde, kò sí àwòrán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ máa rí i pé àwòrán wà níbẹ̀ bí òjìji, backlight ló kú. Wọ́n to gílóòbù yẹn tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni, ọ̀kan á jó, gbogbo ìlà ẹ̀ á kú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ pé Vivid ni wọ́n fi ń lò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, backlight 100. Ooru ló ń pa wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún QLED náà. Ìrù bíńtín tó wà nídìí Q yẹn, owó ńlá ni. QLED, LCD náà ni, ó ṣì ní iná lẹ́yìn, wọ́n kàn fi awẹ́ kan sí i tó ń jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ mọ́ sí i. Kì í ṣe ayédèrú o, ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe OLED, àwọn tó ń tajà sì mọ̀ pé etí wa ò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ tún wo nǹkan kan fún mi: tí ẹ bá dìde láti iwájú TV lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ṣé àwọ̀ ẹ̀ máa ṣí? Tó bá ṣí, ojú VA ló ní, dúdú ẹ̀ máa dáa, ẹni tó jókòó láàárín ni yóò gbádùn ẹ̀. Tí kò bá ṣí, IPS ni, gbogbo ilé ló máa rí i dáadáa, eérú yẹn á wá ṣẹ́ kù díẹ̀ lóru, kò sí sétíńgì tó lè mú un lọ tán, ẹ kàn tan gílóòbù kékeré kan sẹ́yìn TV, ojú yín ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Onísólà Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin tó ń sọ pé 47W tí Bàbá Ìbejì dín kù láti 116W sí 69W kò tó nǹkan (mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́), ẹ wá bá mi lórí ínfátà. Mo ní bátìrì 200Ah kan, 12V, 2400Wh lórí ìwé. Àwa tó ń lo tubular (irú bátìrì olómi kan), ìdajì là ń fà kó lè pẹ́, 1200. Ínfátà fúnra ẹ̀ á jẹ tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ sí 1000. Ẹ tan TV 116W, dikódà 12W, fáànù 60W, gílóòbù 20W, ó jẹ́ 208W, kò tó wákàtí márùn-ún tó fi máa kú. Ẹ sọ TV di 69W, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 161W, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Wákàtí kan àti ìdajì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ẹ̀yin tí wọ́n ti mú iná yín lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú ogún, ẹ mọ iye tó jẹ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ tún wo Quick Start nínú sétíńgì, èyí tó ń mú kí TV tètè tan. TV tó bá sùn dáadáa kì í jẹ tó 1W. Tí Quick Start bá wà ní títàn, ó kàn dijú ni, kò sùn, àwọn kan ń jẹ tó 15W bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òru. Ẹ pa á. Kí ló ń lé wa? Dikódà náà, ẹ máa pa á láti ara ògiri, iná pupa tó wà lára ẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti sinmi.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Mo ti ka tèmi o. Sẹ́kọ́ǹdì 9. Kò sí nǹkan kan ní títàn nínú ilé. Mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ wo wáyà tó ń ti ẹ̀yìn ilé wa lọ sí ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà:

Ọmọ Òkè-Àdó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jà, ẹ kọ́kọ́ ka tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì 😂

HDMI ti dé. Ìyàtọ̀ wà gan-an, mo ti ń rí nọ́ńbà ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù láì na ọrùn. Ìkànnì fíìmù Yorùbá tí ìyàwó mi fẹ́ràn ṣì ń ṣe bàìbàì, SD ni wọ́n ń ṣe, bí Rípíà ṣe sọ. Quick Start wà ní títàn, mo ti pa á. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, àwọ̀ ẹ̀ kò ṣí, nítorí náà mo ti gba kádàrá eérú.

Wàhálà tó kù ni pé ọ̀sán ò gba Movie. Fèrèsé ńlá kan dojú kọ TV, tí oòrùn bá ti wọlé àwọn ọmọ ò rí nǹkan kan, wọ́n á dá a padà sí Vivid, mo bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá wọn ṣe àdéhùn: Standard, backlight 70 lọ́sàn-án, Movie lálẹ́, kọ́tìnnì ni kí wọ́n fà kí wọ́n tó fọwọ́ kan rìmóòtù. Ìyàwó mi ò bá wa dá sí ìyẹn, ìdí mítà ló wà báyìí pẹ̀lú fóònù tiẹ̀. Ó ti ka fíríìjì, ó ti ka áyọ́ọ̀nù, ó ń ka fírísà lọ́wọ́, ó ní kí n wá wo nǹkan tí òun rí.